Wọ́n pè mí láti bá àwọn olùwádìí jẹjẹrẹ gbìmọ̀: kí ni ó yẹ kí n béèrè kí n tó gbà?

Àdùnní Gbági béèrè pé:

Ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́, mo kí gbogbo yín o. Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági Tuntun níbí ní Ìbàdàn, mo sì wà lára àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ṣe, tí wọ́n gba ìtọ́jú, tí wọ́n sì wà láàyè lónìí. Wọ́n gé ọmú kan fún mi, wọ́n fún mi ní kímò, ìyẹn oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, mo gba ìtọ́jú onítànṣán lé e, mo sì ṣì ń lo oògùn oníhóró tí wọ́n ní kí n máa lò fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn mi ni mo bá wá, ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Àwa tí a ti la irú rẹ̀ kọjá ní ẹgbẹ́ kékeré kan tí ó máa ń ṣe ìpàdé ní Mọ́kọ́lá. Àwọn olùwádìí kan ránṣẹ́ sí wa pé àwọn fẹ́ ṣe ìwádìí lórí ohun tó ń fa ìdádúró láàárín ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ rí kókó ní ọmú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìtọ́jú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé kì í ṣe pé àwọn fẹ́ bi wá ní ìbéèrè kí àwọn sì kọ ìdáhùn wa sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ẹnì kan tàbí méjì nínú wa wá jókòó sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́ ìwádìí náà sọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní èmi ni kí n lọ, wọ́n ní ẹnu mi kì í dákẹ́ níbi tí ọ̀rọ̀ bá wà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú kò kéré. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìwé mi parí sí, n kò sì mọ ohun tí èmi lè sọ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn kò tíì mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn kan ti wá bá wa rí tí wọ́n bi wá ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú wa, tí a kò sì gbúròó wọn mọ́. A kò mọ ohun tí wọ́n rí, a kò sì mọ ohun tí wọ́n fi í ṣe. N kò fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ mi ṣe ọ̀ṣọ́ sí ara ìwé tí wọ́n ti kọ tán. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni iṣẹ́ ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ gan-an? Ǹjẹ́ ohùn rẹ̀ ní agbára kankan? Kí ni kí n béèrè lọ́wọ́ wọn kí n tó sọ pé mo gbà? Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ṣe é rí, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ bí ó ti rí.

Ọmọ Olúyọ̀lé dáhùn pé:

Ẹ kú ewu, mà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ẹ fi wà nídìí ọjà yín lónìí. Ìwádìí nípa ìlera ará ìlú ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe, n kò sì sí lára àwọn tó ránṣẹ́ sí yín, nítorí náà mo lè sọ ọ́ láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí a ń wádìí máa ń fún wa ní ìdáhùn, tàbí ẹ̀jẹ̀, tàbí àyè láti wo ìwé ìtọ́jú rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè yín sí wà níbi tí a ti ń pinnu ohun tí a ó wádìí, irú ẹni tí a ó bi léèrè, ibi tí a ó ti bi í, ohun tí a ó kà sí àǹfààní àti ohun tí a ó kà sí ìpalára, àti ọ̀nà tí a ó gbà jábọ̀ fún ìlú nígbà tí a bá parí. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, ẹ sì lè ṣe ọ̀kan kí ẹ má ṣe èkejì.

Ní ti pé kí ni ẹni tí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n lè mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rose Kushner. Oníròyìn ni ní Amẹ́ríkà, jẹjẹrẹ ọmú sì ṣe é ní 1974. Ohun tó wọ́pọ̀ lọ́hùn-ún nígbà náà ni pé bí obìnrin bá ní kókó lọ́mú, wọn yóò fi oògùn sùn ún, wọn yóò gé díẹ̀ lára kókó náà ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò, bí wọ́n bá sì rí i pé jẹjẹrẹ ni, wọn yóò gé gbogbo ọmú náà kúrò kí obìnrin náà tó jí. Kò sí obìnrin tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nígbà náà tó mọ̀ bóyá ọmú rẹ̀ méjèèjì ni yóò bá jáde. Kushner kọ̀. Ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ní ọjọ́ tirẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ èsì, kí òun sì ro ó dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó tún fi ọ̀bẹ kan òun. Ó kọ ìwé lórí rẹ̀, ó sì bá àwọn dókítà jiyàn fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn onímọ̀ jọ ní 1979 láti fẹnu kò lórí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú, Kushner jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà, ìgbìmọ̀ náà sì fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ya àyẹ̀wò sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe dókítà. Ẹni tí ọ̀bẹ fẹ́ kàn ni, ohun tó sì mọ̀ nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni irú èyí ti ń gbòòrò sí i. Ètò ìwádìí jẹjẹrẹ ọmú kan wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Àwọn tí àìsàn náà ti ṣe rí máa ń bá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jókòó láti díwọ̀n ìwé àwọn tó ń béèrè owó ìwádìí, ìbò wọn sì dọ́gba pẹ̀lú ti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá James Lind Alliance sílẹ̀ ní 2004 kí àwọn aláìsàn, àwọn tó ń tọ́jú wọn nílé àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè jọ yan ìbéèrè 10 tó jẹ wọ́n lógún jù lọ, kí àwọn olówó ìwádìí lè mọ ibi tí wọn yóò náwó sí. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ìlera, èyí tó jáde ní 2007, sọ pé ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú. Èyí dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn ni láti rí i pé a kò pa yín lára. Wọn kì í sábà béèrè bóyá ohun tí a fẹ́ wádìí wúlò fún yín.

Nítorí náà, ìbéèrè kan ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti kọ́kọ́ bi wọ́n: níbo ni iṣẹ́ náà dé báyìí? Bí wọ́n bá ti tẹ ìwé ìbéèrè jáde, tí wọ́n ti pín owó rẹ̀ sí ẹsẹẹsẹ, tí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sì ti fọwọ́ sí i, ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ mọ̀ pé aṣọ tí télọ̀ ti rán tán ni wọ́n ń pè yín wá wò. Ẹ lè sọ pé ó dára, ẹ lè sọ pé kò dára; kò sí èyí tí yóò yí bí wọ́n ti gé e padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì wà ní ìpele èrò, ẹ lọ. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ìgbìmọ̀ kò bá gba ìmọ̀ràn tí ẹ mú wá, wọn yóò sọ ìdí rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ìlà kan ṣoṣo yìí lágbára ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí ó rọrùn fún ọ̀jọ̀gbọ́n láti mi orí sí ọ̀rọ̀ yín kí ó sì gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti kọ ìdí tí kò fi gbà á sílẹ̀.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Yemẹ̀tù dáhùn pé:

Àdùnní ọmọ mi, kú ewu o. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá àwọn obìnrin tó ṣe iṣẹ́ abẹ ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún mi. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ wa yìí sọ tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o wo kókó ìwádìí tí wọ́n pè ọ́ sí dáadáa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti nílò rẹ.

Gbogbo wa la mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa kì í dé ilé ìwòsàn ńlá títí àìsàn náà yóò fi wọ ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, ìyẹn nígbà tó ti le gan-an. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni àwọn olùwádìí ti ń wá, ìbéèrè wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà: kí ló dé tí àwọn obìnrin fi ń pẹ́ kí wọ́n tó wá? Ìdáhùn tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń bí kì í yí padà pẹ̀lú. Wọ́n lọ lo àgbo. Wọ́n lọ sí ilé àdúrà. Wọ́n bẹ̀rù kí wọ́n má gé ọmú wọn. Wọn kò mọ̀wé. Òótọ́ ni pé gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi èmi tí mo máa ń jókòó tì wọ́n ní òru, tí wọ́n máa ń ròyìn ìrìn àjò wọn fún. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò pẹ́ rárá. Wọ́n tètè lọ, ibi tí wọ́n lọ ni kò tètè rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi obìnrin kan láti Ìgbòho ṣe àpẹẹrẹ. Ó rí kókó. Ó lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún un ní oògùn ìrora. Ó lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, wọ́n ní nítorí pé ó ń fún ọmọ lọ́mú ni, kí ó máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kò lọ, ó lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n gé kókó náà jáde, wọn kò sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò láti mọ ohun tí ó jẹ́, bóyá nítorí owó, bóyá nítorí pé wọ́n rò pé ẹran lásán ni. Kókó náà tún yọ. Ìgbà yìí ni ẹnì kan tó mọ nǹkan wá sọ fún un pé kí ó máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ tó bá gba káàdì ní ilé ìwòsàn ńlá, ọdún kan lè ti kọjá lọ, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó pẹ́ kó tó wá.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ètò jẹjẹrẹ ọmú tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2021 ní àfojúsùn mẹ́ta: kí ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 àwọn tó ní àìsàn náà jẹ́ ẹni tí a rí i lára wọn ní ìpele kìíní tàbí ìkejì, kí a mọ ohun tó ń ṣe wọ́n láàárín ọjọ́ 60 sí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ fún ìtọ́jú, kí ìdá 80 sì gba ìtọ́jú wọn láìfi í sílẹ̀ lágbedeméjì. Mo fẹ́ kí o bi àwọn olùwádìí yẹn pé ní ti ọjọ́ 60 yìí, ọjọ́ wo ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí obìnrin Ìgbòho yìí gba káàdì ní Ìbàdàn, ó lè jẹ́ ọjọ́ 30 péré ni yóò jáde, gbogbo wa yóò sì pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó fi ọmú rẹ̀ han òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀ pátápátá, owó ìjọba yóò sì mọ ibi tó yẹ kí ó lọ. Ẹni tó bá gba ọ̀nà náà rí ló lè sọ fún wọn pé ilé ìwòsàn ńlá kọ́ ni ìrìn àjò ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó ń bá wọn níbẹ̀ kò rí ohun tó ti kọjá.

Wo ti ìtọ́jú onítànṣán náà. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹni tó ti Ṣakí wá kò lè máa lọ kí ó máa bọ̀ lójoojúmọ́. Níbo ni yóò sùn? Mo ti rí àwọn tó rí owó ìtọ́jú san tí wọn kò rí ibi tí wọn yóò fi orí lé, tí wọ́n sì padà sílé kí ó tó parí. Bí ìwé ìbéèrè kò bá béèrè nípa ibi tí ènìyàn sùn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fi ìtọ́jú sílẹ̀, bí ẹni pé ìwà wọn ni.

Bàbá Àpáta dáhùn pé:

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀yin obìnrin ló ń sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan dá sí i. Jẹjẹrẹ pròstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ni tèmi, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà.

N kò lòdì sí kí Ìyá Gbági lọ. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí a máa rò pé inú ìwádìí nìkan ni a ti nílò ohùn wa. Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tó kọ́kọ́ ní ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí jẹjẹrẹ ń ṣe ní ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì níbí. Ó ti lé ní ọdún 60 tí wọ́n ti ń kà wá. Pé kí wọ́n bi wá léèrè ni kò tíì pẹ́.

Ẹ wo owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2021 fún àwọn aláìní tí jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ tàbí ti pròstéètì bá ń ṣe. Ilé ìwòsàn mẹ́fà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, UCH sì wà níbẹ̀. Ohun tó dára gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo ti ta ilẹ̀ mi ní Ọmí-Àdìó tán ni mo tó gbọ́ pé irú rẹ̀ wà, ẹnu aláìsàn ẹlẹgbẹ́ mi ni mo sì ti gbọ́ ọ níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Bí wọ́n bá bi àwa aláìsàn pé báwo ni kí a ṣe polongo rẹ̀, a ó ti sọ pé kí wọ́n gbé e sórí rédíò ní àárọ̀ kùtù, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí a ti ń sanwó, nítorí pé gbogbo wa ni a ń dúró níbẹ̀ pẹ́. Kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ bá mi sọ ọ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀.

Àdùnní Gbági tún kọ pé:

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ kú ìmọ̀ràn, mà. Ẹ ṣeun, Bàbá. Àbúrò mi Ọmọ Olúyọ̀lé, Ọlọ́run yóò fún ọ ní tìrẹ ṣe. Ọ̀rọ̀ obìnrin Ìgbòho yẹn jọ tèmi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kà á lẹ́ẹ̀mejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn yìí ni wọ́n bí mi sí.

Ohun kan ṣì kù tí n kò kọ́kọ́ sọ. Nínú lẹ́tà wọn, wọ́n fi kún un pé bí iṣẹ́ yìí bá parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe èkejì, nínú èyí tí wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin láti wò bóyá àìsàn náà ń ti inú ìdílé wá, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ kan náà ni yóò tọ́ èyí náà sọ́nà. Mo ní ọmọbìnrin méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ti ní àfẹ́sọ́nà. Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá ọkọ ṣe ń wádìí ìdílé. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí èyí rárá.

Ọmọ Olúyọ̀lé dáhùn pé:

Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ṣe àníyàn, mà. Kì í ṣe ohun tuntun ní Ìbàdàn. Ìwádìí ńlá kan ti wáyé níbí lórí rẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó lọ máa ṣiṣẹ́ ní Chicago, kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2018 fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 8 lára àwọn obìnrin Nàìjíríà tí wọ́n yẹ̀ wò, tí jẹjẹrẹ ọmú ń ṣe, ni ó jogún àyípadà nínú àbùdá ara tí ń mú kí àìsàn náà tètè ṣe ènìyàn. Ìmọ̀ tó ń gba ẹ̀mí là ni, nítorí pé ọmọ tàbí àbúrò tó bá mọ̀ pé òun jogún rẹ̀ lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ jẹ́ kí n sì fi èyí kún un, nítorí pé àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀ ọ́n: ọkùnrin náà lè jogún rẹ̀, bàbá sì lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ìyá ọkọ tó ń wo ìdílé ìyàwó nìkan kò tíì wo ibi tó pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ bí a ṣe máa fún obìnrin ní irú èsì bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ onímọ̀ àbùdá nìkan. Ta ni yóò gbọ́ ọ kọ́kọ́? Ṣé wọn yóò pè é lórí fóònù nígbà tó wà lọ́jà? Ṣé ó lè sọ pé òun kò fẹ́ mọ̀? Bí ó bá ti kú kí èsì tó jáde, ọmọ rẹ̀ wo ni wọn yóò pè, ṣé ọkọ rẹ̀ ni? Ta ni yóò san owó àyẹ̀wò àwọn ọmọ tí wọ́n bá sọ fún pé ó wà lára wọn? Ẹ̀yin ni kí ẹ bá wọn kọ ìdáhùn sí ìwọ̀nyí kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ẹ̀jẹ̀ náà yóò jáde kúrò ní Nàìjíríà, nítorí pé ìlànà 2007 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan béèrè ìwé àdéhùn kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó kọjá ibodè, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ohun tó wà nínú ìwé náà. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè bá wọn ṣe ti àkọ́kọ́ kí ẹ sì kọ èkejì. Kò sí ẹni tó lè fi dandan mú yín.

Adérónkẹ́ Bódìjà dáhùn pé:

Ẹ káàárọ̀, mà. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ló pa ìyá mi, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo sì jókòó nínú irú ìgbìmọ̀ yìí fún iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nílé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹ má ṣe lọ ní ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ni àwọn ní àyè fún, ẹ ní kí wọ́n wá àyè fún ẹnì kejì. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́jọ bá yí tábìlì ká, tí ẹyọ kan sì jẹ́ aláìsàn, ẹ̀rù yóò bà á láti sọ pé ohun tí wọ́n ń sọ kò yé òun. Bí wọ́n bá di méjì, wọ́n á wo ojú ara wọn, ọ̀kan á sì béèrè. Èkejì, ẹ sọ ti owó ọkọ̀ àti owó ọjọ́ ọjà tí ẹ pàdánù láti ìbẹ̀rẹ̀, láìtijú. Gbogbo ẹni tó jókòó níbẹ̀ ló ń gba owó oṣù. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ní tiwa, wọ́n san owó ọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù púpọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí a ti ná an, ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ nínú wa sì dákẹ́, kò wá mọ́. A rò pé kò nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà ni.

Ohun tó le jù fún mi nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí a jọ jókòó níbẹ̀, àìsàn rẹ̀ padà, ó sì kú kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí a tún pàdé, wọ́n ṣí ìwé ìpàdé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà kìíní. Àga rẹ̀ ṣófo, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. N kò rò pé ìwà burúkú ni. Wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe ni, nítorí nínú ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹnikẹ́ni kì í retí pé ọ̀kan yóò kú kí ìpàdé kẹta tó dé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ kí àwa tí a mọ àìsàn yìí wá jókòó, kí wọ́n mọ̀ pé àìsàn náà yóò bá wa wọlé. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọn yóò ṣe bí ara yín kò bá yá: ṣé wọn yóò dá ìpàdé dúró, ṣé wọn yóò jẹ́ kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ta ni yóò máa pè yín láti mọ bí ẹ ti wà.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Yemẹ̀tù dáhùn pé:

Adérónkẹ́, Ọlọ́run yóò tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ohun tí o sọ yìí, ó yẹ kí àwọn tó ń pe ìpàdé náà kà á.

Àdùnní, má ṣe gbà kí wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ kíliníìkì, nítorí wọn yóò fẹ́ fi í síbẹ̀ pé ó rọrùn fún wọn, pé ẹ ti wà nítòsí. Ẹni tó ti wà lórí ìlà láti aago mẹ́fà àárọ̀ kò ní ọpọlọ kankan mọ́ fún ìpàdé aago méjì.

Àdùnní Gbági tún kọ pé:

Ẹ̀yin ará, mo ti kọ lẹ́tà sí wọn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo bi wọ́n ibi tí iṣẹ́ dé, mo ní kí wọ́n mú ẹnì kejì, mo sì sọ ti owó ọkọ̀. Wọ́n dáhùn lónìí. Wọ́n ní ìwé ìbéèrè kò tíì sí ní títẹ̀, pé àwọn ṣì ń kọ ọ́, àwọn sì gbà kí á jẹ́ méjì. Owó ọkọ̀, wọ́n ní wọn yóò máa san án ní ọjọ́ ìpàdé gan-an. Ní ti ọjọ́ 60 tí Ìyá Nọ́ọ̀sì ní kí n béèrè, wọ́n ní láti ọjọ́ tí aláìsàn gba káàdì ní ilé ìwòsàn ńlá ni àwọn ti ní lọ́kàn láti máa kà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìwé wà.

Mo ti sọ fún wọn pé mò ń bọ̀, àti pé ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mà, bí ẹ bá gbà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi lọ gẹ́gẹ́ bí ẹnì kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn ni wọ́n ní kí n mú wá.

Ìyá Nọ́ọ̀sì Yemẹ̀tù dáhùn pé:

Rárá o, ọmọ mi. Àwọn nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, wọn yóò gbọ́ tiwa. Obìnrin tó ti Òkè Ògùn wá gba ìtọ́jú ní Ìbàdàn ni kí o mú lọ, ẹni tó mọ ohun tí ó ń náni láti ti ọ̀nà jíjìn wá. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá ní irú rẹ̀, kọ sí mi níbí; mo mọ méjì tí wọ́n ṣì ń wá fún àyẹ̀wò, n ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí n fún ọ ní nọ́ńbà wọn.